Ẹja Kótè àti Apẹ̀rẹ̀ Onílọ́po Mẹ́ta

Fìrísà ni mo fẹ́ rà fún màmá mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá ti orí ọjà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rò pé olówó ni mí. Mi ò lówó o. Ọ́fíìsì kan ní Yábà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa dá àwọn oníbàárà tínú ń bí lóhùn lórí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Yàrá kan ni mo gbà nítòsí ibẹ̀. Tí mo bá ṣí àpótí aṣọ mi, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń dá ilẹ̀kùn rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n mo ní màmá, màmá mi sì ti ń ta ẹja yìnyín ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó láti ìgbà tí mi ò tíì lè ka ení, èjì.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ẹja yìnyín á ní iṣẹ́ ìjókòó ni. Irọ́ gbuu! Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni màmá mi ń jáde nílé lọ sí Ìjọrà, níbi tí àwọn kóòdù-rúùmù wà, àwọn ilé yìnyín ńláńlá tí wọ́n ń kó ẹja inú ọkọ̀ òkun sí. Àwọn obìnrin á tò síta, àwọn ọkùnrin á máa wọ́ páálí ẹja jáde, gbogbo rẹ̀ á le bí òkúta. Màmá mi á gba páálí kótè kan, á gba pánlá díẹ̀, á gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́, á sì délé kí aago méje tó lù. Ohun tó bá rà lọ́jọ́ náà, ọjọ́ náà ló gbọ́dọ̀ tà á, torí fíríìjì kékeré tó wà nílé wa, omi mímu àti ìkòkò ọbẹ̀ ti kún inú rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ó tún di Ìjọrà. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, òjò ìbáà rọ̀, òjò ìbáà dá.

Ó ti tó ọdún méjì tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń bínú sí ìrìn yẹn. Tó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, á di irin mú, á máa bá orúnkún náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú: "Ó yá, má dójú tì mí, jẹ́ ká lọ." Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ létí ara mi ni mo búra fún un. Mo ní, "Màámi, kí ẹ tó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, màá ra fìrísà gbàǹgbà fún yín, èyí tó máa gba ẹja ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ ó máa lọ sí Ìjọrà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run á gbọ́. Ṣé ó wá fi mọ bẹ́ẹ̀? Ó sọ fún gbogbo àdúgbò! Kó tó di Sọ́ńdè, àwọn ìyá inú ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kí mi pé, "Àǹtí onífìrísà, o kú iṣẹ́ o." Kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà yẹ̀ ẹ́ mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó. Oṣooṣù ni mò ń lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta fìrísà ní Ojúẹlẹ́gba, oṣooṣù náà ló sì ń dá mi lóhùn pé, "Àǹtí, iye tí mo pè níjọ́sí kọ́ nìyẹn mọ́ o."

"Kí ló tún dé?"

"Dọ́là ni."

Mo bá a jà bí ẹni pé ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ dọ́là. Mo pè é ní olè, mo pè é ní aláìláàánú, mo tún padà lọ tọrọ àforíjì lọ́jọ́ kejì torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló ṣì rọjú jù. Bí owó mi bá fi ẹsẹ̀ kan gbéra, fìrísà yẹn á ti fi méjì gbéra. Ọgọ́ta ọdún màmá mi sì ku oṣù márùn-ún.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin kan tó ju wá lọ ní ọ́fíìsì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá láti ilé. Ṣùgbọ́n tí aago méjì ààbọ̀ bá ti lù, ìgbà tí wọ́n ń ṣí ọjà ìpín ìdókòwò lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n á fi ṣíbí sílẹ̀, á na ẹ̀yìn, á tẹjú mọ́ fóònù. Fún nǹkan bíi wákàtí kan, ilé ìbáà máa jó, ẹ má pè é. Tó bá parí, á sọ fóònù sínú dúrọ́ọ̀, á máa jẹ ìrẹsì rẹ̀ tó ti tutù lọ. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó ń dá rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fa àga.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa ń wò tí oúnjẹ yín fi ń tutù lójoojúmọ́?"

Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ọ̀gá àgbà ń bọ̀, ó wá ṣàlàyé. Ó ní èèyàn lè ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì lè ra apẹ̀rẹ̀. Nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kó ìpín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀, téèyàn á fi ní díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo wọn. Orí áàpù fóònù ni wọ́n ti ń rà á, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tà á. Àwọn apẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ wà. Ṣùgbọ́n tòun yìí, onílọ́po mẹ́ta ni. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ń fi owó ẹ̀yáwó kún un, débi pé tí ọjà bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lóòjọ́, tirẹ̀ á fi mẹ́ta gòkè.

"Tó bá já ńkọ́?"

"Mẹ́ta náà ni."

Ìyẹn kò wọ etí mi rárá. Fìrísà nìkan ni mò ń rí níwájú mi, ó ṣí ìdérí sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ẹ̀gbọ́n rí ojú mi. Ó ní, "Àbúrò, gbọ́ mi dáadáa o. Tí mo bá wọlé lọ́sàn-án, mo ti jáde kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì. Mi ò gbé e sùn rí. Ìlọ́po mẹ́ta yẹn, ti ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí iye tó bá kù. Kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fi pamọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ má tíì bú mi. Èkó la wà. Nínú ìlú yìí, kí lèèyàn rà pamọ́ tí kò wọ́n sí i? Jẹnẹrétọ̀ àlòkù kan wà tí mo rà nígbà tí mo kọ́kọ́ gba yàrá mi. Mo lò ó fún ọdún méjì, ó ń ké bí ewúrẹ́ tí ebi ń pa, mo sì tà á ju iye tí mo rà á lọ. Onílé wa ra àpò sìmẹ́ǹtì jọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, gbogbo wa ń kùn pé ó dí wa lọ́nà. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, owó sìmẹ́ǹtì ti fò sókè, ẹnu àwa náà sì ti wọhò. Màmá mi fúnra rẹ̀ ní àpótí àǹkárá kan tí kì í wọ̀. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé, tí àìlówó bá dé ọrùn, á fa ìdìpọ̀ kan yọ nínú rẹ̀, á tà á, ọ̀rọ̀ á parí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: rà á, fi pamọ́, gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ní kí n má gbé e sùn, mo ní nínú ọkàn mi pé ojo ni ọkùnrin yìí. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ṣé èmi ni ẹ̀rù máa wá bà?

Mo kó gbogbo owó fìrísà sínú onílọ́po mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó jẹ́jẹ́. Ọjà gòkè ní Mọ́ńdè, ó tún gòkè ní Túsìdeè. Nígbà tó di Wẹ́sìdeè, mo ra míìtì-páì fún gbogbo ìlà tí mo jókòó sí ní ọ́fíìsì. Ẹ̀gbọ́n gba tirẹ̀, ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè pé, "O ti jáde?" Mo ní, "Rárá o, mò ń tọ́jú rẹ̀ ni." Ó dáwọ́ jíjẹ dúró, ó wò mí, ó mi orí, ó sì parí míìtì-páì rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ sí Ojúẹlẹ́gba. Mo ṣí fìrísà mi, mo ki orí bọ inú òtútù rẹ̀, mo sì sọ fún ọkùnrin yẹn pé tó bá ta eléyìí fún ẹlòmíràn, èmi àti ẹ̀ la máa jọ wọ àgọ́ ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn náà ni ọjà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ọmọ tó ń fo okùn. Ó já, ó gòkè, ó já, ó gòkè. Kò dà mí láàmú. Ohun tí mo máa ń wò lálaalẹ́ ni iye tó jẹ́ ní náírà, náírà tiwa náà sì ń yọ̀ lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là nígbà yẹn, débi pé iye tí mò ń rí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Lọ́jọ́ mìíràn, ó tiẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mo ní, ṣé ẹ rí i? Ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ìfipamọ́ mi.

Oṣù méjì kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́yìn àga mi.

"Dọ́là mélòó lo kó wọlé?"

Mo sọ fún un.

"Mélòó ló wà níbẹ̀ báyìí? Má sọ náírà fún mi o. Dọ́là."

Mo wò ó. Mo tún un wò. Mo pa fóònù, mo tún un tàn. Tí wọ́n bá pín owó tí mo kó wọlé sí ọ̀nà márùn-ún, odidi ọ̀nà kan ti lọ. Ọjà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọjà ti padà síbi tó wà lọ́jọ́ tí mo wọlé. Ibẹ̀ gẹ́lẹ́!

"Wọ́n ti jí owó mi!" Bí mo ṣe pariwo nìyẹn, gbogbo ọ́fíìsì yíjú.

Mo kọ̀wé sí àwọn alááàpù. Mo kọ ìwé tó gbóná débi pé tí wọ́n bá fi ìka kàn án, á jó wọn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èsì dé: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún sùúrù yín. A mọ bó ti rí lára yín." Háà! Sùúrù wo? Mi ò ní sùúrù kankan. Àti pé mo mọ ìwé yẹn. Èmi gan-an ni mo máa ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn èèyàn ní ìgbà ogún lóòjọ́! Ọjọ́ náà ni mo mọ ohun tójú àwọn oníbàárà mi ń rí. Wọ́n wá so ìwé àdéhùn tí mo ti gbà wọlé nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ mọ́ èsì náà. Ó wà níbẹ̀ kedere, ní ojú ìwé kẹta: ọjà ọjọ́ kan ni, ẹni tó bá dì í mú jù bẹ́ẹ̀ lọ lè pàdánù, kódà kí ọjà padà síbi tó wà. Mo ti tẹ "mo gbà" láì ka ìlà kan.

Ẹ̀gbọ́n kò ní, "Ṣé mo sọ fún ọ?" Kí Ọlọ́run bùkún fún un. Ó fa bébà kan, ó mú báírò.

"Ká ní ọgọ́rùn-ún ni ọjà wà. Lónìí ó fi mẹ́wàá já, ó ku àádọ́rùn-ún. Lọ́la ó gòkè padà sí ọgọ́rùn-ún. Kò sófò, kò sérè. Tìẹ ńkọ́? Lónìí, tìẹ fi ọgbọ̀n já, ó ku àádọ́rin. Lọ́la, lóòótọ́ ló fi ìlọ́po mẹ́ta gòkè, ṣùgbọ́n orí àádọ́rin ló ti ń gòkè, kì í ṣe orí ọgọ́rùn-ún mọ́. Ó dé mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, ó dúró. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, ìdá márùn-ún rẹ ti lọ nìyẹn."

Mo wo bébà náà títí. Bó bá ṣe owó tèmi nìkan ni, ǹ bá bú àwọn alááàpù tán kí n sì jẹun. Orúnkún màmá mi ló ń wá sí mi lọ́kàn. Oṣù tó kù fún ọgọ́ta ọdún kò pé méjì mọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lọ́sàn-án. Màmá mi wà níwájú ilé lábẹ́ ańbùrẹ́là rẹ̀. Ó gbé páálí kótè sókè, ó là á mọ́lẹ̀ gbàà kí àwọn ẹja tó ti dì pọ̀ lè túká, ó sì tẹ̀ wọ́n sórí pákó. Mi ò tilẹ̀ kí i dáadáa tí mo fi da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láti orí Ẹ̀gbọ́n dé orí bébà. Kò dá mi dúró. Ó ń gé ẹja, ó ń gbọ́. Ó dá oníbàárà kan lóhùn, ó gbowó, ó fún un ní ṣéńjì, ó wá nu ọwọ́.

"Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣí ọjà yẹn?"

"Aago méjì ààbọ̀, Màámi."

"Wọ́n máa ń pa á dé?"

"Aago mẹ́sàn-án, lójoojúmọ́."

"Ìwọ wá gbé ọjà ọjọ́ kan pamọ́ fún oṣù méjì?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹja kan nínú bàsíà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní àná ló ṣẹ́kù, ó ti yọ́ kí ọjà tó tú, òun wá tọrọ àyè nínú fíríìjì aládùúgbò wa kan fún un, ó sì ti dì padà. "Ó le bíi ti tẹ́lẹ̀, àbí kò le?" Ó le. Ó ní kí n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí n gbé e kúrò, kí n wá gbé òmíràn tó gùn tó o láti inú páálí òní síbẹ̀. Ti àná fúyẹ́. Èmi tí mo dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n yẹn!

"Gbogbo ìgbà tó bá yọ́ tó tún dì ni omi ara rẹ̀ ń lọ. Ọmọ mi, ẹja yìnyín lo rà, o ṣe é bí àǹkárá."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá bẹ́ńṣì jókòó, ó ń fi ìdí ìró nu ojú. Inú bí mi. Mo ní, "Màámi, owó fìrísà yín ni o! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín?"

"Kí n wá ṣe kí ni? Ọmọ tí mo ní kó má ṣòwò ẹja, mo rán an ní yunifásítì, ó wá gba Amẹ́ríkà lọ ra ẹja!"

Èmi náà kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín já mi gbà. Ó ti pẹ́ tí àwa méjèèjì ti rẹ́rìn-ín báyẹn pọ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, ó nawọ́ sí fóònù mi.

"Tà á."

"Màámi, ẹ jẹ́ kó padà ná."

"Kí ló máa padà? O ní ọjà ti padà. Tìẹ ni kò bá a padà."

Níwájú rẹ̀, níbi tí òórùn kótè ti gba gbogbo afẹ́fẹ́, mo ta gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tútù rẹ̀ gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ pẹ́pẹ́, ó ní, "Ẹ̀mí wà. Lọ wá nǹkan jẹ nínú ilé." Mo nífẹ̀ẹ́ obìnrin yìí débi pé ó ń dùn mí láyà.

Ṣé ẹ wá rò pé ó parí síbẹ̀? Oníṣòwò ni màmá mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó pè mí, ó ní kí n fi owó páálí kótè kan ṣoṣo wọ ọjà náà kí òun rí bó ṣe ń rìn. Ọ́fíìsì wa gbà wá láyè láti máa ṣiṣẹ́ látilé lọ́jọ́ mélòó kan, mo bá gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sábẹ́ ańbùrẹ́là rẹ̀. Òfin kan ló gbé kalẹ̀: a ó wọlé tí wọ́n bá ṣí ọjà, a ó sì ti jáde kó tó fọ pákó ẹja rẹ̀ ní aago mẹ́fà, ìbáà jẹ́ èrè, ìbáà jẹ́ òfò.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, a jèrè. Màmá mi dìde, ó jó yí bàsíà po, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Oníbàárà tó wá ra pánlá ní kí la ń ṣe, màmá mi ní òun ń bá Amẹ́ríkà nájà. Ọjọ́ kejì, èrè tún wọlé, ọjọ́ kẹta, díẹ̀ ṣáá. Nígbà tó wọ awò ojú rẹ̀, tó tẹjú mọ́ ìlà aláwọ̀ ewé tó ń gùn lọ lórí fóònù, ó ń dá a lójú pé òun lòun ń tì í lẹ́yìn. "Máa lọ, máa lọ, ọkọ mi, má wẹ̀yìn!" Ọjọ́ kẹrin, bí wọ́n ṣe ṣí ọjà báyìí, ìlà náà pupa, ó sì dorí kodò.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀."

"Tà á! Mi ò lè bá ẹja tó ń yọ́ jókòó."

Mo tà á. Èrè ọjọ́ mẹ́ta bá a lọ, ó sì tún fa díẹ̀ mọ́ ọn nínú owó páálí. Màmá mi bọ́ awò rẹ̀, ó ká a sínú àpò rẹ̀. Kò bínú rárá. Ó ní, "Ó tó. Mo ti rí i. Iṣẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bíi tèmi. Ọkùnrin ọ́fíìsì yín yẹn ń jókòó tì í, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Kò burú fún un. Ṣùgbọ́n owó fìrísà ti ní orúkọ kó o tó gbé e lọ síbẹ̀. Ìyẹn lo ṣì ṣe." Mo ní ẹ má bínú, Màámi. Ó ní kí n jẹ́ ká lọ ra fìrísà.

Bí mo ṣe ń múra láti lọ rà á ni ọjà Amẹ́ríkà yìí fò sókè. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò wẹ̀yìn. Mo jókòó sí ọ́fíìsì, mo ń ṣírò ohun tí ǹ bá ti ní ká ní mi ò tà. Inú bí mi sí màmá mi, inú bí mi sí Ẹ̀gbọ́n, inú bí mi sí bébà tó kọ nǹkan sí. Lọ́jọ́ kẹrin ó já, ó tún mú gbogbo ìṣírò mi lọ. Mo pa áàpù náà rẹ́ nínú fóònù, mo sì jẹ àmàlà mi pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló kù tí oúnjẹ rẹ̀ ń tutù.

Owó tó kù kò lè ra ti Ojúẹlẹ́gba mọ́. Màmá mi ní kò sí wàhálà, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Ìgànmú tó ń ta fìrísà tòkunbọ̀. Ẹ ò bá rí i níbi tó ti ń nájà! Ó ní kí wọ́n so ó mọ́ná, ó gbé etí lé e lára bíi dókítà, ó ki apá sínú rẹ̀ títí dé èjìká láti wọn bí páálí ṣe máa tò. Ó ní páálí mẹ́rin. Ọkùnrin náà ní mẹ́fà. Ó ní, "Ṣé ìwọ ló ń ta ẹja ni?" Ó kọ èyí tó ń dán, ó mú funfun kan tí ìdérí rẹ̀ ti họ díẹ̀, ó sì fa iye tí ọkùnrin náà pè wálẹ̀ débi pé ojú ti èmi tí mo dúró tì í. Owó wa tó, ó sì ṣẹ́ku owó kẹ̀kẹ́.

Bí a ṣe gbé e wọ àdúgbò, ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo sọ! Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì jáde, ìyá tó máa ń gbé ẹja sínú fíríìjì fún wa jáde, àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí náà dúró kí wa. Wọ́n gbàdúrà sórí fìrísà yẹn títí mo fi rò pé wọ́n ń ṣe ìsọmọlórúkọ fún un ni. Iná àdúgbò wa ti ń gbìyànjú láti bí ọdún kan, tó bá tilẹ̀ lọ, ìdérí rẹ̀ wúwo, òtútù rẹ̀ kì í tètè jáde. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí màmá mi pé ọgọ́ta ọdún.

Ní Mọ́ńdè ó lọ sí Ìjọrà, ó kó páálí mẹ́rin wálé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Túsìdeè, mo tètè kúrò ní Yábà kí n lè yà kí i kí n tó wọṣẹ́. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo dé àdúgbò ilé wa. Ańbùrẹ́là wà ní kíká. Kò sí nǹkan kan lórí pákó. Fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí pákó yẹn ní òfìfo ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá mi. Mo sáré, mo kan ilẹ̀kùn. Kò sí ìdáhùn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lù ú, mo ń pariwo, "Màámi! Màámi!" Aládùúgbò ti ń ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ nínú ilé, kọ́kọ́rọ́ sì yí.

Gèlè alẹ́ rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìlà ìrọ̀rí wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, oorun ṣì dí i lójú.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màámi. Aago mẹ́jọ ti fẹ́ lù."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹja ń bẹ nínú fìrísà," ó ní, ó sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi lójú. Mo gbọ́ tó tún fi kọ́kọ́rọ́ tì í, lẹ́yìn náà mo gbọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó dún bó ṣe padà dùbúlẹ̀.